Ẹ Fi Ọwọ́ Kan Ọ̀fun Adìẹ Kí Ẹ Tó Na Owó Ẹgbẹ́

Ní ìpàdé wa tó kọjá, a gbọ́ àbá kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún. Àbá náà ni pé kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú àpò, kí a fi ra oògùn apakòkòrò ní páálí-páálí, kí a sì máa pín in fún gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yáwó láti fi sin adìẹ. Ẹni tó dá àbá náà kò sọ ìsọkúsọ. Ọmọ adìẹ ń kú, ẹni tó yáwó kò rí san, onígbọ̀wọ́ ni a sì ń lọ bá nílé. Síbẹ̀ èmi kò fara mọ́ àbá náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, àyè kò sí láti sọ ìdí rẹ̀. Olóòtú ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ará wa ní Ògùn Waterside tí ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n wá lè kà á kí a tó dìbò.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju pé kí a tó dá àrùn lẹ́bi, kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ọ̀fun adìẹ. Ọmọ adìẹ tí kò rí oúnjẹ jẹ, èyí tó jẹ ohun tí kò lè lọ sísàlẹ̀, àti èyí tí ohun tó jẹ kan mọ́ lọ́fun, gbogbo wọn a máa so ìyẹ́ rọ̀, wọn a sì máa dijú bí ẹni tí àrùn mú. Lójú ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìkan náà ni wọ́n. Ọwọ́ nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí à ń sọ ná. Bí adìẹ bá gbé oúnjẹ mì, kì í lọ tààrà sínú ìwe. Àpò kan wà nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀, lókè àyà, tó fì díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ti pa adìẹ rí mọ̀ ọ́n: òun ni àpò tí a máa ń bá odidi àgbàdo nínú rẹ̀, tí a máa ń fà yọ jù nù. Níbẹ̀ ni oúnjẹ ti ń rọ̀, bí gààrí tí a da omi sí, kó tó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwe ló wá ń lọ̀ ọ́. Adìẹ kò léyín, òkúta wẹ́wẹ́ tó bá ṣà jẹ ló fi ń ṣe eyín nínú ìwe yẹn.

Àpò yìí ní àkókò tirẹ̀. Lálẹ́, bí adìẹ bá ti fẹ́ sùn, ó yẹ kó kún, nítorí oúnjẹ òru ló kó pamọ́ síbẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹ tó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó yẹ kó ti ṣófo, kó fẹlẹ̀ bí awọ lásán. Bí ó bá kún lálẹ́ tó sì ṣófo láàárọ̀, ọ̀fun adìẹ yẹn dá. Bí ó bá ṣófo lálẹ́, kò jẹun, ẹ wádìí ohun tí kò jẹ́ kó jẹ. Bí ó bá sì ṣì kún láàárọ̀, nǹkan dí i. Èyí tó le bí amọ̀ tàbí bí òkúta, ó ti dí gan-an. Èyí tó rọ̀ jọ̀gbọ̀jọ̀gbọ̀ bí àpò omi, tí ẹnu adìẹ sì ń rùn bí omi ògì ọjọ́ kẹrin, ó ti kan. Èyí tó ṣò sílẹ̀ tí ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ níwájú àyà, ẹran ara rẹ̀ ló ti dẹ̀. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n lára ọmọ adìẹ, kì í sì í padà sípò mọ́, ẹ má yan irú wọn láti fi bímọ.

Àwọn òbí wa kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní irú àyẹ̀wò báyìí. Òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà jáde ní 1935, kòkó ló sì gbé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ró nílẹ̀ Yorùbá. Nídìí kòkó, kò sẹ́ni tí ń wo ẹ̀yìn kóró kó sọ pé ó dára. Wọ́n á fi ọ̀bẹ là á sí méjì, wọ́n á wo inú rẹ̀ bóyá ó ti bu tàbí kò gbẹ dáadáa, wọn a sì kà á. Ẹ wá wo àwa ọmọ wọn, tí à ń ra ọgọ́rùn-ún ọmọ adìẹ pẹ̀lú owó ẹ̀yáwó, tí a kò ní gbé ẹyọ kan sọ́wọ́ títí tí yóò fi kú.

Ọjọ́ tí ọmọ adìẹ dé ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì ní pupa ẹyin díẹ̀ nínú ikùn, ìyẹn lè gbé e dé bí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tàn wá jẹ. Èyí tí kò tíì jẹun rí a máa rìn, a máa ké, a ó ní ó ń ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún ni ikú á wá bẹ̀rẹ̀, a ó ní àrùn wọlé. Àrùn wo? Ebi ni. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nítorí náà, bí ó bá pé wákàtí 24 tí wọ́n ti dé, ẹ gbé bí 30 tàbí 40 nínú wọn láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, kì í ṣe àwọn tó sún mọ́ yín nìkan. Ẹ fi ìka rọra tẹ ọ̀fun wọn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lágbàáyé gbà pé ó yẹ kí bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ní àpò tó kún, tó rọ̀, tó sì rí roboto. Bí ó bá kún ṣùgbọ́n tí ọwọ́ yín ṣì ń mọ kóró oúnjẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbígbẹ, wọ́n rí oúnjẹ ṣùgbọ́n wọn kò rí omi mu tó. Bí omi nìkan ló wà níbẹ̀, oúnjẹ ni wọn kò rí. Bí ó bá sì ṣófo lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ má sùn lóru ọjọ́ náà.

Kí ló sábà ń fà á? Òtútù ni. Ọmọ adìẹ tí òtútù ń mú kì í jẹun, ṣe ni wọ́n ń gun ara wọn lórí. Ní àkókò ọyẹ́, tí iná mànàmáná bá lọ lóru, tí èédú inú ìkòkò sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀yáwó ti ń ṣòfò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru ìwọ̀n 32 sí 35 ni wọ́n ń fẹ́ níbi tí wọ́n dúró sí. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru, kó wo bí wọ́n ṣe tò. Bí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ iná, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fọ́n ká tí wọ́n ń jẹun, ẹ lọ sùn.

Èyí tó kàn yìí, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń bá wí jù. Ìlú pákó ni ìlú yín, lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní sọ́míìlì kò sì ṣòro rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń kó o sínú àpò wálé, tí ẹ̀ ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọmọ adìẹ ọjọ́ kan. Ohun tó rọrùn ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ adìẹ ọjọ́ kan kò mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ohun tó bá ti kéré tó sì ń tàn lójú rẹ̀, yóò sọ ọ́ jẹ. Lẹ́búlẹ́bú pákó àti oúnjẹ ọmọ adìẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú. Bí ó bá jẹ ẹ́ yó, yóò fa omi nínú àpò yẹn, yóò di odidi kan, kò ní í lọ iwájú, kò ní í padà sẹ́yìn. Ọmọ adìẹ á máa gbé ọ̀fun tó kún kiri, ebi á sì pa á kú. Mo ti bá ẹnì kan ní ìlú yín la òkú ọmọ adìẹ ọjọ́ mẹ́fà tó jẹ́ pé pákó ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oògùn olówó gọbọi mẹ́ta ló wà nínú abọ́ omi wọn.

Ẹ má bínú sí mi, n kò ní kí ẹ má lo ohun tí ìlú yín ní. Fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ bébà tí kì í yọ̀ tàbí páálí lé e lórí, kí ẹ sì wọ́n oúnjẹ díẹ̀ sórí bébà náà kí wọ́n lè mọ ohun tí à ń pè ní oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, dípò lẹ́búlẹ́bú ayùn, èyí tí káfíńtà fi ránńdà fá ni kí ẹ máa kó, nítorí ó fẹ̀, kò sì rọrùn láti gbé mì. Káfíńtà kan náà ló sì máa ń bẹ yín pé kí ẹ wá gbá a lọ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹ ṣáà bèèrè bóyá pákó tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pa ni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e.

Lórí ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́, àwọn kan gbà pé ìkarahun tí a gún ni. Ìkarahun wà fún adìẹ tó ń yé ẹyin, fún èèpo ẹyin rẹ̀. Bí ẹ bá ń da á fún ọmọ adìẹ, ẹ̀ ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ ni. Òkúta gidi wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn tó rí kóró-kóró ni ti ọmọ adìẹ, díẹ̀ díẹ̀ náà sì ni. Èyí tó ń jẹ máàṣì lílọ̀ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní koríko tàbí odidi ọkà, kó ti wà nílẹ̀.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Láti 1982 tí yunifásítì ti dé ibẹ̀, oúnjẹ títà ti di iṣẹ́ ńlá, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ní búkà sì ti di oúnjẹ adìẹ ẹ̀yìnkùlé. Ìrẹsì àná, búrẹ́dì tó ti bu, ẹ̀bà tó ti gan, ajẹkù ẹran, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìrọ̀lẹ́ fún adìẹ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ebi ti ń pa láti àárọ̀. Adìẹ tí ebi pa kì í mọ ìwọ̀n. Ẹ̀bà àti búrẹ́dì a máa lẹ̀ mọ́ra wọn lọ́fun bí àtè. Kí n má sì gbàgbé gààrí gbígbẹ. Àwa Ìjẹ̀bú la mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí gààrí ṣe ń wú, a máa ń fi yangàn ni. Ohun tó wú nínú abọ́ yín, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe nínú àpò tí kò ju àtàǹpàkò lọ? Ẹni tó bá fẹ́ fi ajẹkù ran oúnjẹ adìẹ lọ́wọ́, kó fún wọn ní oúnjẹ tiwọn láàárọ̀ kí wọ́n yó ná, kí ajẹkù má pọ̀, kó má sì jẹ́ èyí tó ti bu rárá.

Ẹ̀yin ará Abígí, Ìbíadé, Ìwópin àti gbogbo etídò, adìẹ tó ń jẹ̀ kiri ló pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Koríko gígùn tó ti gbó àti fọ́nrán ọ̀pá ògùrọ̀ ni wọ́n ń gbé mì. Èyí tó burú jù ni okùn ọ̀rá tí a fi ń tún àwọ̀n ṣe. Okùn ọ̀rá kì í rà. Á lọ́ mọ́ oúnjẹ lọ́fun, á di bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé, kó ṣa èérún okùn rẹ̀ sínú agolo. Èkejì ni oúnjẹ adìẹ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá. Bí ìgbì bá ta sí àpò rẹ̀, tàbí tí ẹ tò ó sórí ilẹ̀ tútù, á bu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ gbé e sórí pákó, ẹ má rà ju èyí tí yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ ní ìgbà òjò. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ máa rà á díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bu kò ṣeé jẹ, ṣe lẹ ó kàn san owó ọkọ̀ lórí ohun tí ẹ máa dànù.

Bí ọ̀fun bá ti wá dí ńkọ́? Ẹ yọ adìẹ náà sọ́tọ̀ síbi tó móoru, tí kò ti rí ohun tí yóò sọ jẹ nílẹ̀. Èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà, ẹ má fún un ní oúnjẹ fún wákàtí 12 sí 24, ṣùgbọ́n kí omi mímọ́ wà níwájú rẹ̀. Ọmọ kéékèèké kò lè gba ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, wákàtí díẹ̀ ti tó fún wọn. Ẹ fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ kán omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òróró ẹ̀pà ìwọ̀nba sí i lẹ́nu, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kó máa gbé e mì fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i lọ́fun gbàà! Ihò tó ń gba èémí wà lẹ́yìn ahọ́n gan-an, omi tó bá gba ibẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀fóró ló bá, ó sì tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì rọra máa ra ohun tó dì náà yíká fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ẹni ń tú èlùbọ́ tó dì, títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ sinmi, kí ẹ tún ṣe é lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó bá ti dín kù, ẹ fún un ní máàṣì tí a fi omi pò rọ̀, díẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan a máa dorí adìẹ kodò kí wọ́n fún nǹkan inú rẹ̀ jáde. Mo lòdì sí i. Mo ti rí i tó pa adìẹ lọ́wọ́ wọn níbi tí ohun tó ń jáde ti gba ọ̀nà èémí lọ.

Àwọn ìyá wa kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ la àpò náà, tí wọ́n á kó ohun inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an padà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ pọ̀, egbò rẹ̀ sì máa ń kẹ̀. Bí ẹ bá ní àkùkọ tàbí àgbébọ̀ tó níye lórí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, òun ní oògùn ìmúnilára-kú. Ọmọ adìẹ kéékèèké tí ìrànlọ́wọ́ ọjọ́ méjì kò ràn, ẹ má jẹ́ kó máa jìyà, ẹ tètè pa á.

Ó wá ku èyí tó kan, tó ń hó, tó ń rùn. Òun gan-an ló mú mi lòdì sí àbá oògùn. Ohun tó sábà ń fa kíkan yìí jẹ́ irú olú kan tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní Candida. Ìbátan ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ni, òun kan náà ló sì máa ń jẹ́ kí ẹnu ọmọ ọwọ́ funfun. Ó ti wà lára adìẹ tẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀nba. Àwọn kòkòrò rere tí ń gbé inú adìẹ ló ń há a mọ́, bí ọmọ onílé ṣe ń há àlejò mọ́ iyàrá kan. Oògùn apakòkòrò tí à ń pariwo rẹ̀ yìí ń pa àwọn kòkòrò rere yẹn. Kò sì pa olú, agbára rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá wá da oògùn náà sínú omi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí kí àrùn má baà wọlé, ẹ ti kó onílé kúrò fún àlejò nìyẹn. Inú àpò ọ̀fun á wá nípọn, á funfun, á rí wúruwùru bí tówẹ̀lì. Ọmọ adìẹ ni èyí sì ń bá jà jù. Nígbà náà ni ẹ óò sáré padà lọ ra oògùn apakòkòrò mìíràn tó lágbára jù ú lọ, tí nǹkan á túbọ̀ bàjẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ìṣòro ni?

Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí ẹ dá oògùn tí kò sẹ́ni tó ní kí ẹ lò dúró, kí ẹ kó oúnjẹ tó bu dànù, kí ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́ omi lójoojúmọ́, kí ẹ sá a sóòrùn. Ọ̀pọ̀ abọ́ omi tí mo ń rí máa ń yọ̀ bí ìdin ìgbín, ibẹ̀ ni olú yìí ń gbé. Oògùn tó ń pa olú wà, nystatin ni orúkọ rẹ̀, dókítà ẹran ni kó wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún yín. Ewúro, ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn. N kò tíì rí èyí tó tú odidi pákó kúrò lọ́fun nínú wọn ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n òkúta aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń pò mọ́ ẹfun láti fi pa àrùn tí ń sọ pódì di dúdú, mo bẹ̀ yín, ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ adìẹ. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ adìẹ máa ń lò ó tẹ́lẹ̀, ní ìwọ̀n tó kéré gidigidi. Ẹni tó fi ojú wọn ọ́n, májèlé ló fi sínú omi.

Nígbà mìíràn, ọ̀fun kàn ń jíṣẹ́ ohun mìíràn ni. Bí adìẹ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá ní ọ̀fun tó kún, tí ẹsẹ̀ kan nà síwájú, tí ìkejì nà sẹ́yìn, àrùn Marek ló yẹ kí ẹ fura sí. Ó ń ba iṣan tó ń ti oúnjẹ sísàlẹ̀ jẹ́, kò lóògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọjọ́ kìíní níbi tí wọ́n ti pa á ni ààbò rẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Bí ọ̀fun bá kún fún omi, tí adìẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ tutù bí ewé, tí ọrùn ń lọ́, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú, lúkúlúkú ni yóò jẹ́, òun náà kò lóògùn bí kò ṣe àjẹsára. Ilé ìwádìí ìjọba ní Vom ń ṣe èyí tí a ń kán sójú fún adìẹ ìbílẹ̀, tí ooru kì í tètè bà jẹ́, ẹ̀yin ará etídò ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bí ọ̀fun bá ṣófo, tí ọmọ adìẹ ká gúlútú, tí ìgbẹ́ ní ẹ̀jẹ̀, inú ìfun ni ọ̀rọ̀ wà, ilẹ̀ tó tutù ló fà á, oògùn tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Bí adìẹ púpọ̀ bá sì ṣàdédé kú láàárín ọjọ́ kan, méjì, ẹ má là wọ́n rárá, ẹ má tà wọ́n, ẹ ké sí ọ́fíìsì dókítà ẹran tó sún mọ́ yín. A kò gbàgbé àrùn adìẹ tó wọ Nàìjíríà ní 2006, tó tún padà wá ní 2015, ó sì lè ran ènìyàn.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí pé ohun tó kún ọ̀fun adìẹ mẹ́ta lè jẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Oògùn páálí kan náà ni a sì fẹ́ pín fún gbogbo wọn. Oògùn apakòkòrò ní àyè tirẹ̀, mi ò sọ pé kò ní. Bí dókítà bá rí àrùn tó ń pa, tó ní kí ẹ lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ sì dúró dé ìgbà tó ní kí ẹ tó ta ẹran tàbí ẹyin rẹ̀.

Àbá tèmi rèé, màá sì gbé e síwájú ìpàdé. Owó tí a fẹ́ fi ra páálí oògùn, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ máa san owó ọkọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé adìẹ tó ń ṣàìsàn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti etídò, ọ̀nà náà jìn, ẹnì kan kò lè dá a ná nítorí òkú adìẹ méjì. Èkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti sin adìẹ pẹ́, máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gba ẹ̀yáwó ní alẹ́ ọjọ́ kìíní àti ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun 30 adìẹ, kí wọ́n kọ iye tó kún sínú ìwé. Ẹgbẹ́ á san owó ọ̀kadà wọn. Ẹ̀kẹta, kí akọ̀wé fi kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó pé kí onítọ̀hún sọ ohun tí yóò tẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ adìẹ àti ohun tí yóò fi dáná fún wọn tí iná mànàmáná bá lọ, kí onígbọ̀wọ́ sì fọwọ́ sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Onígbọ̀wọ́ tó bá mọ̀ pé òun lòun máa san, yóò lọ wo ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ púpọ̀ nìyí, oògùn rọrùn jù ú lọ. Ó rọrùn lóòótọ́, pàápàá fún ẹni tí yóò tà á fún wa. Akápò ní iye páálí tí wọ́n dárúkọ lọ́wọ́. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó dé ìpàdé, kí ẹ fi wé owó ọkọ̀ láti Abígí dé Abẹ́òkúta, kí ẹ sì mú ìṣirò tiyín dání. Ẹni tí adìẹ rẹ̀ bá ń kú báyìí, kó má dúró de ìpàdé o. Kó dìde ní kùtù ọ̀la kó tó fi oúnjẹ sílẹ̀, kó gbé mẹ́wàá nínú wọn, kó tẹ ọ̀fun wọn wò, kó sì kọ ohun tó bá níbẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé agbègbè rẹ̀.